Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe RuneScape rí: ibo ló ti dáa, ibo ló kù sí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Old School RuneScape, ẹ̀dà àtijọ́ ti RuneScape, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe, lórí fóònù rẹ̀. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun sanwó mẹ́ḿbà àbí kí òun dúró sí apá ọ̀fẹ́. Èmi ṣe géèmù yìí nígbà tó ṣì ń ṣí lójú bráúsà, ní kaféè kan nítòsí ilé wa, n kò sì débẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ti dogbó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà níbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ bínú kúrò, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹ má kàn sọ fún mi pé "ó dùn" o, ẹ sọ ohun tó dùn níbẹ̀.

Bàbá Ẹja
Ẹ káàbọ̀ padà. Èmi ò tíì kúrò níbẹ̀ rárá.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ fi yin géèmù yìí ni ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ máa bá àwọn ará Yúróòpù ṣe géèmù ìbọn, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì, wọ́n ti pa yín, wọ́n ti bá tiwọn lọ. RuneScape kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 0.6 ni server (kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà ń gbé lórí rẹ̀) fi ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ igi pé kí ẹ gé e, ó dìgbà tí ẹsẹ̀ tó kàn bá kan ilẹ̀ kó tó gbọ́ yín, bó sì ṣe máa ṣe é fún ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ server náà nìyẹn. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín bá lọ́ra díẹ̀, ta ló máa mọ̀? World (bí wọ́n ṣe ń pe server kọ̀ọ̀kan) tó wà ní UK tàbí Jámánì ni kí àbúrò yín máa mú, kó fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, ìyẹn jìnnà sí wa jù.

Èkejì, kì í jẹ dátà. Àwòrán rẹ̀ ò lẹ́wà, mo gbà, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí ère tí agbẹ́gilére kò gbẹ́ parí. Ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ geere lórí fóònù tí kò tó nǹkan.

Ní ti orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí, ẹ máa bọ̀ ní Port Sarim, èbúté kan nínú géèmù náà. Ẹ san góòlù 30 (owó inú géèmù) fún ọkọ̀ ojú omi, ẹ dé erékùṣù Karamja, ẹ sọ ìgèrè sómi kí ẹ máa kó lobster. Iṣẹ́ ẹja pípa yín gbọ́dọ̀ ti dé lẹ́fẹ́lì 40. Ohun 28 péré ni àpò yín gbà, kò sì sí báǹkì létí omi níbẹ̀. Bó bá kún, ẹ tún wọkọ̀ padà ní góòlù 30. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù á tú ẹrù yín wò, nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbé ọtí rum jáde ní erékùṣù náà. Mo mọ àwọn tí irú nǹkan báyìí ń bí nínú. Èmi, ara mi ló ń tù.

Ojú Ẹ̀rọ
Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá a kiri. RuneScape kì í ṣe géèmù orí bráúsà mọ́. Nígbà tí Andrew Gower àti Paul, arákùnrin rẹ̀, gbé e jáde ní January 2001, Java ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ojú ewé, ó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2015 ni Chrome pa irú plugin tí Java ń lò tì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún àwọn bráúsà yòókù bó ṣe ń yá. Lónìí, ẹ máa gbé client (ètò tí wọ́n fi ń ṣí géèmù náà) sórí kọ̀ǹpútà yín ni, tàbí kí ẹ lo fóònù. October 2018 ni Old School dé orí fóònù. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní Classic, wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní August 2018.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ojú Ẹ̀rọ, ẹ ṣé. Bráúsà yẹn gan-an ló jẹ́ kí irú wa mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá kaféè wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkankan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi pa òun. Ẹni tó mú géèmù inú CD wá, á mú un padà lọ sílé. RuneScape, àdírẹ́sì lásán lèèyàn ń tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì lọ sí kaféè míì lọ́jọ́ kejì torí pé tọ̀hún ò níná, idà yín ṣì wà ní báǹkì níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Lójú mi nígbà yẹn, idán ni.

Àǹtí Peckham
Ẹ kú ìjókòó o. London ni èmi ti ṣe tèmi. Ní secondary school wa, bí tíṣà bá ti kọjú sí bọ́ọ̀dù báyìí, ìdajì kíláàsì kọ̀ǹpútà ti wà ní Varrock, ìlú kan nínú géèmù náà. Wọ́n dí i mọ́ wa, a rí ọ̀nà mìíràn gbà, wọ́n tún dí ìyẹn náà.

Kò sí Grand Exchange, ọjà àpapọ̀ inú géèmù, láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí. Ẹnu lèèyàn fi ń polówó. Ẹ máa dúró síwájú báǹkì tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Varrock, ẹ máa tẹ "lobster rèé o, lobster rèé o" láìsinmi, àwọn kan á sọ ọ̀rọ̀ tiwọn di pupa tàbí aláwọ̀ ewé kó lè yọ láàárín èrò. Ẹ máa ná ọjà, ẹ máa ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, wọ́n á pè yín padà. Mo ti mọ ọjà ná kí màmá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi lọ sí Rye Lane.

November 2007 ni Grand Exchange dé. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ rà tàbí iye tí ẹ fẹ́ tà, ẹ máa lọ, ẹ̀rọ á bá yín wá oníbàárà. Ó yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ọjà kú, ẹni tí mi ò bá bá sọ̀rọ̀ rí, n ò nídìí àtibá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Èyí tó wá burú ni ti December ọdún náà. Àwọn tó ń ta góòlù inú géèmù ní owó gidi ti pọ̀, káàdì tí wọ́n jí ni wọ́n sì fi ń sanwó mẹ́ḿbà. Jagex, ilé iṣẹ́ tó ni ín ní Cambridge, mú ìjà láàárín aṣeré sí aṣeré kúrò ní Wilderness, ilẹ̀ tí aṣeré ti lè pa aṣeré. Nígbà tó di January 2008, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún ẹnìkejì ní ohun tó fi púpọ̀ ju ohun tó gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n ò lè fún àbúrò rẹ̀ ní aṣọ ìjà tó ti bọ́ sílẹ̀ mọ́! Olè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ni wọ́n fìyà olè jẹ. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bi wá. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n dì láti December 2010 sí January 2011, "ẹ dá a padà" ló borí, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà ní 1 February.

Òótọ́ Korò
Gbogbo yín ń ṣe bí ẹni ń rántí ìgbà èwe. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa géèmù fúnra rẹ̀.

Kí iṣẹ́ kan tó dé lẹ́fẹ́lì 99, ó fẹ́ XP (àmì ìrírí) 13,034,431. Ẹni tó bá dé 92, tó ń jó pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mi ò ṣàsọdùn, bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ 24 ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Kí ni èèyàn ń ṣe láti débẹ̀? Ó ń tẹ igi. Igi wó, ó tẹ òmíràn. Ẹ fi wákàtí yẹn kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹ ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù.

Ẹ bi ara yín ní ìdí tí bot (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe géèmù dípò èèyàn) fi kún ibẹ̀ látọdún yìí wá. Géèmù tí ẹ̀rọ lè bá yín ṣe lóru tí ẹ ti sùn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kí lẹ̀yin fúnra yín ń ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án?

Bàbá Ẹja
Òótọ́ Korò, ẹ kúkú ti jẹ́ orúkọ yín. Ti bot yẹn, n ò ní jiyàn, àbùkù ńlá ni. Wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń padà wá, ẹja tí èmi fọwọ́ ara mi pa sì ń rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà nítorí wọn.

Àmọ́ ta ló ní kí ẹ dé 99? Rédíò ni mo máa ń gbọ́ tí mo bá ń pẹja, tàbí kí n máa bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan ló wà níbẹ̀, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Géèmù tó bá fẹ́ gbogbo ojú mi àti gbogbo ọpọlọ mi lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ò ní agbára rẹ̀.

Òótọ́ Korò
Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́: ọkàn yín ò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìṣọlọ̀
😂😂 Ẹ má jà o.

Ẹ̀yin ọkùnrin, XP nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ti gbàgbé àwọn quest, àwọn iṣẹ́ tó ní ìtàn nínú. Èmi àti àwọn ọmọ mi la jọ bẹ̀rẹ̀. Alásè ààfin Lumbridge ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ọjọ́ ìbí Duke, olórí Lumbridge, ti pé, alásè ò sì ní ohun tó máa fi ṣe kéèkì: ẹyin, mílíìkì, ìyẹ̀fun. Ẹyin rọrùn. Mílíìkì, ẹ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ màálù kí ẹ fún un. Ìyẹ̀fun ló ni wàhálà. Ẹ já ọkà lóko, ẹ gùn ún dé òkè pátápátá nínú ilé ọlọ, ẹ da ọkà sínú rẹ̀, ẹ fa irin, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ kí ẹ fi ìkòkò gbọ́n ìyẹ̀fun. Ọmọ mi obìnrin dé ìsàlẹ̀, kò mú ìkòkò dání. Àrà tí arákùnrin rẹ̀ fi í dá lọ́jọ́ náà! Kò sí ẹni tó fi ọfà hàn wá lójú ọ̀nà pé "ibí ni kẹ́ ẹ lọ". A kà á, a bi alásè léèrè, a wá a kiri. Àwọn ọmọ mi ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ yẹn ju bí wọ́n ṣe ń kà á nílé ìwé lọ.

Èyí tí mi ò fẹ́ ni àwọn oníjìbìtì. Wọ́n mọ ojú ọmọdé. "Fún mi ní aṣọ irin rẹ, mo máa bá ọ fi wúrà yí etí rẹ̀ ká." Kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú géèmù náà rárá! Òmíràn á ní kí o fún òun ní góòlù, òun á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó máa dá ti kékeré padà lóòótọ́ kí ojú ẹ lè wọ̀ ọ́, ti ńlá ló máa gbé sá. Mo jókòó ti àwọn ọmọ mi, mo ní kí wọ́n máa wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ṣe ẹlòmíràn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Àǹtí Peckham
Ìyá Ìbejì, ti ayé àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ sẹ́yìn-síwájú, géèmù á sọ ọ́ di ìràwọ̀. Gbogbo kíláàsì wa la ṣe ẹ̀yà tiwa, ọmọ kan ló sì máa ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Ará Houston
Ohun tó lé èmi lọ kì í ṣe ti 2007. Ti November 2012 ni, èyí tí wọ́n pè ní Evolution of Combat. Tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ ọ̀tá, ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹja bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, bọ́tìnì lórí bọ́tìnì. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé Squeal of Fortune dé, kẹ̀kẹ́ oríire tí ẹ máa yí, tí ẹ lè fowó gidi ra iye ìgbà tí ẹ ó yí i, XP sì wà nínú ohun tó ń tibẹ̀ jáde. Tẹ́tẹ́ ni mo pe ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù wọn. Ní February 2013, Jagex bi àwọn èèyàn bóyá kí wọ́n jí ẹ̀dà August 2007 tó wà nípamọ́ dìde. Ìbò tó wọlé lé ní 440,000. Bí Old School ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí RuneScape jẹ́ méjì lónìí. Kí àbúrò Ọmọ Mọ́kọ́lá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, nítorí ẹrù ọ̀kan ò lè dé inú èkejì.

Ohun tí mo fi ń yin Old School ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìbò. Kí wọ́n tó fi nǹkan ńlá kún un, wọ́n á bi àwọn aṣeré. 75% ló gbọ́dọ̀ gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá sọ ọ́ di 70%. Ní 2019 wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Warding kún un, ìbò dá a nù. Ẹ dárúkọ géèmù ńlá mìíràn fún mi tó máa jẹ́ kí ẹ sọ fún òun pé "rárá", tó sì máa gbọ́.

Ojú Ẹ̀rọ
Ìbò yẹn lójú méjì, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń dìbò? Àwọn arúgbó ibẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òkè kò ní fẹ́ kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà: bí ẹ bá ti kúrò ní erékùṣù tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tuntun, wọ́n á já yín sí Lumbridge, ó dàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Sailing sì wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ April ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn ṣe tẹ́lẹ̀, ó padà wọlé ìbò, ó sì dé ní 2025. Mo gbà pé ó dùn.

Ọlọ́jà GE
Ẹ ti sọ̀rọ̀ yí ìbéèrè ká, owó ni ó bèèrè.

Apá ọ̀fẹ́ ní iṣẹ́ 15, ti mẹ́ḿbà ló ni ìyókù. Agbẹ̀, olè jíjà, ìkọ́lé, ọdẹ, ewé àti egbò, gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ mẹ́ḿbà. Apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà sì nìyẹn. Nílé níbí, wàhálà ibẹ̀ ni pé dọ́là ni, ọdún díẹ̀ sì wà láti 2022 tí káàdì náírà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà fún ohun òkèèrè.

Ibi tí Bond ti wúlò rèé. Ní Old School, láti March 2015, ẹnìkan lè fowó gidi ra Bond lọ́wọ́ Jagex kó wá tà á fún yín lórí Grand Exchange, kí ẹ fi góòlù inú géèmù san án. Bond kan ń fún yín ní ọjọ́ 14. Bí ẹ bá lè máa rówó níbẹ̀, ẹ lè jẹ́ mẹ́ḿbà láìyọ kọ́bọ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ Jagex, góòlù ló wá rà lábẹ́ òfin. Ó máa fi ra idà tó dára ju tèmi, àmọ́ kò lè fi ra lẹ́fẹ́lì tó máa gbé e. Mo gba ìyẹn.

Èyí tí n kò lè sọ pé kò dùn mí ni ti Venezuela. Nígbà tí owó wọn dòfo, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sí Wilderness, wọ́n ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń kó awọ àti egungun rẹ̀ tà, wọ́n sì ń ta góòlù ibẹ̀ ní dọ́là. Ó lòdì sófin géèmù. Ní 2017 àwọn kan kọ ìtọ́nisọ́nà síta lórí bí wọ́n ṣe lè máa dọdẹ wọn níbẹ̀. Nígbà tí iná lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní March 2019, àwọn aṣeré kíyè sí i pé iye tí wọ́n ń ta àwọn ọjà kan gòkè. Ẹ rò ó wò ná: iná NEPA ìlú kan ló gbé owó ọjà gòkè nínú géèmù àwọn òyìnbó.

Òótọ́ Korò
Ọlọ́jà, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kí ọmọ ọ̀fẹ́ tó rí owó Bond, ó máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Bond tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ kó lè rí àyè ṣeré, eré náà sì tún jẹ́ iṣẹ́. Àwọn ará Venezuela gbọ́n ju èyíkéyìí nínú wa lọ, àwọn kúkú ń gba owó iṣẹ́ wọn.

Ìyá Ìbejì Ìṣọlọ̀
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, èyí tó kẹ́yìn yẹn gún mi láyà.

Olùtọ́jú Ojú-òpó
Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan kúrò níbí. A kì í ta àkáǹtì tàbí góòlù lójú-òpó yìí. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ń rò ó pé kó má tíì sanwó. Ṣùgbọ́n títí dìgbà wo? Kí ló máa fi mọ̀ pé ó ti tó?

Bàbá Ẹja
Kó ṣe Dragon Slayer. Apá ọ̀fẹ́ ló wà, òun sì ni quest tó tóbi jù níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àyàfi tó bá ti ní quest point 32, ìyẹn ni pé ó ti ní láti rìn ká gbogbo ibẹ̀. Ó máa wá ègé àwòrán ilẹ̀ mẹ́ta, ó máa ra ọkọ̀ tó ti jẹrà, ó máa tún un ṣe, ó máa wá atukọ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ Elvarg, dírágónì tó fẹ́ pa. Kó má gbàgbé asà tó ń dènà iná, ọ̀dọ̀ Duke Lumbridge ló ti máa gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó lọ láìgbé asà yẹn, eérú ni. Tó bá ṣe é tán, á lè wọ rune platebody, aṣọ irin ìgbáyà tí wọ́n fi irin rune ṣe. Bó bá dé ibẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ẹ sí i, kó ra Bond kan wò. Bó bá sì ti sú u kó tó dé ibẹ̀, kò pàdánù kọ́bọ̀.

Òótọ́ Korò
Èyí bọ́gbọ́n mu. N kò ní ìjà.

Ará Houston
Ẹ fi kún un pé kó tan authenticator (kóòdù ààbò kejì) lórí àkáǹtì rẹ̀ lónìí olónìí, kó tó ní ohunkóhun tí olè lè fẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìṣọlọ̀
Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ọmọ mi ọkùnrin ti ṣe Dragon Slayer yẹn tán, ó wá fẹ́ gbé gbogbo ẹrù rune rẹ̀ wọ Wilderness kó lọ fi ṣe fáàrí. Mo ní kó dúró ná kí n bi yín. Bí wọ́n bá pa á níbẹ̀, kí ló máa kù?

Àǹtí Peckham
Ohun mẹ́ta tó lówó lórí jù ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyókù á lọ sọ́wọ́ ẹni tó pa á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ kọlu ẹni tí kò fọwọ́ kàn án, àmì agbárí máa yọ lórí rẹ̀, kò sì ní í ku ẹyọ kan. Ẹ ní kó kó rune rẹ̀ sí báǹkì, kó wọ adamant, irin tó kéré sí rune, lọ, kó sì má ṣe tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ní "máa bọ̀, mo mọ ibi tí góòlù wà".

Ìyá Ìbejì Ìṣọlọ̀
Ó ti tẹ̀ lé ẹnìkan lọ kí n tó kà á tán fún un.